Ta Ni Ẹ Ń Gbé Ìbéèrè Oníbàárà Yín Lé Lọ́wọ́?

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń gbé àpò irinṣẹ́ kọ́rùn láti Òṣòdì dé Ìsọlọ̀, láti Máfolúkù dé Àjàó Estate, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Iṣẹ́ kan wà tí àwọn oníbàárà ń gbé fún yín báyìí: wọ́n á ní kí ẹ bá àwọn fi kọ́ọ̀dù bo DNS kọ̀ǹpútà ilé, kí àwọn atọpinpin má baà mọ gbogbo ibi tí àwọn ń lọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Iṣẹ́ náà kì í gba àkókò, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ yín fi ń ṣe é wàràwàrà, tí ẹ ń gbowó, tí ẹ ń lọ. Kò dáa bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá bo DNS ènìyàn, ìbéèrè rẹ̀ kò di àwátì. Ẹ kàn gbà á kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan ni, ẹ gbé e lé ẹlòmíì lọ́wọ́. Ọ̀gá nínú iṣẹ́ yìí ni ẹni tó mọ ọwọ́ tó gbé e lé, tó sì sọ ọ́ fún ẹni tó ni kọ̀ǹpútà.

Ẹ mọ̀ pé DNS ló ń sọ orúkọ ìkànnì di nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà lè tọ̀ lọ. Láti 1983 tí Paul Mockapetris ti gbé ètò náà kalẹ̀ ni ìbéèrè ti ń gba pọ́ọ̀tù 53 kọjá ní gbangba, bí èrò tó dúró lábẹ́ afárá Òṣòdì tó ń pariwo béèrè ọkọ̀ àdúgbò rẹ̀: ẹni tó fẹ́ dá a lóhùn gbọ́, ẹni tí kò yẹ kó gbọ́ náà gbọ́. Ní 2016 ni ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní DNS over TLS jáde, tó ń gba pọ́ọ̀tù 853. Ní 2018 ni DNS over HTTPS (DoH) tẹ̀ lé e, tó ń gba pọ́ọ̀tù 443 tí ọ̀pọ̀ jù lọ ìkànnì ń gbà. Ilé-iṣẹ́ tó ń ta dátà àti ẹni tó ni Wi-Fi kò lè ka ìbéèrè náà mọ́. Ṣùgbọ́n olùdáhùn tí ẹ yàn, ìyẹn resolver, ń kà á, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ni yóò fi dáhùn?

Nítorí náà, ẹ mọ àwọn olùdáhùn yìí. Google ló ni 8.8.8.8 láti 2009. Cloudflare ló ń bójú tó 1.1.1.1 láti 2018. Quad9 ló ni 9.9.9.9, àjọ tí kì í ṣe fún èrè ni, ilẹ̀ Switzerland ló fìdí kalẹ̀ sí, ó sì máa ń dínà àwọn ìkànnì tó ń pín kòkòrò kọ̀ǹpútà. Ẹ ṣàlàyé wọn fún oníbàárà ní èdè tó yé e, kí ó fẹnu ara rẹ̀ yàn.

Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Kí ẹ tó yí ohunkóhun, ẹ wo DNS tó wà lórí kọ̀ǹpútà náà àti èyí tó wà nínú router, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ní oṣù kọkànlá 2011, FBI kéde pé ọwọ́ ti tẹ àwọn ọ̀daràn kan tí kòkòrò wọn, DNSChanger, ti yí DNS kọ̀ǹpútà tó lé ní mílíọ̀nù 4 padà ní orílẹ̀-èdè tó lé ní 100. Àwọn tó ni kọ̀ǹpútà kò mọ̀ pé olè ló ń dá ìbéèrè wọn lóhùn. Bí ẹ bá rí nọ́ńbà tí ẹ kò mọ̀, ẹ wádìí rẹ̀, ẹ fọ kòkòrò kúrò, ẹ yí páswọ́ọ̀dù router padà. Ẹ má fi aṣọ tuntun bo egbò tí ẹ kò tíì wẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo aago tó wà ní ìsàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà. Tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ìgboro wa, bátìrì kékeré CR2032 tó wà nínú wọn sì lè ti kú tipẹ́. Bí wọ́n bá mú iná lọ, tí bátìrì ńlá náà sì tán, aago á padà sẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, DNS tí a bò máa ń yẹ ìwé ẹ̀rí olùdáhùn wò kó tó bá a sọ̀rọ̀, ìwé ẹ̀rí yẹn sì ní ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó parí. Kọ̀ǹpútà tó gbà pé 2015 la wà á ní ìwé ẹ̀rí náà kò tíì tó àkókò, á kọ̀ ọ́. Ó fẹ́ lọ tún aago rẹ̀ ṣe ní time.windows.com, àmọ́ kò lè débẹ̀ láìsí DNS. DNS kò sì lè ṣiṣẹ́ láìsí aago tó pé. Oníbàárà á rò pé dátà òun ló tán, á ra òmíràn lásán. Ẹ pààrọ̀ bátìrì yẹn, ẹ fọwọ́ tún ọjọ́ ṣe, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Iṣẹ́ gan-an wá kù. Lórí Windows 11, ẹ wọ Settings, ẹ wọ Network & internet, ẹ wá DNS server assignment, ẹ tẹ Edit, ẹ yan Manual. Ẹ kọ nọ́ńbà olùdáhùn sí IPv4, kí ẹ sì kọ ti IPv6 náà bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ibẹ̀ bá ń lò ó, torí ihò tí ọ̀pọ̀ máa ń gbàgbé nìyẹn. Ẹ tan DNS over HTTPS, ẹ má gbà kó máa padà sí èyí tí a kò bò nígbà tí ọ̀nà bá dí. Bó bá jẹ́ Windows 10, ẹ ṣe é nínú Firefox tàbí Chrome, kí ẹ sì sọ fún oníbàárà pé browser yẹn nìkan ni ẹ bò.

Ẹ má lọ láìdán an wò. Bó bá jẹ́ Cloudflare lẹ lò, ẹ ṣí 1.1.1.1/help. Ẹ ó rí bóyá DoH ń ṣiṣẹ́, ẹ ó sì rí àmì ìlú tí ìdáhùn ti wá. LOS ni ti Èkó, àmì pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àjàó Estate níbí. Bó bá jẹ́ LHR, Lọ́ńdọ̀nù ni ìbéèrè ń lọ kó tó padà. Ẹ dán olùdáhùn mìíràn wò. Lẹ́yìn náà, ẹ fi Wireshark, ètò tó ń fi ohun tó ń gba nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọjá hàn, wo pọ́ọ̀tù 53. Bí ẹ bá ṣì rí orúkọ ìkànnì níbẹ̀, iṣẹ́ kò tíì parí.

Ẹ má ṣèlérí ohun tí DNS kò lè ṣe. Láti oṣù kẹfà 2021 títí di oṣù kìíní 2022 tí ìjọba fi ti Twitter pa ní Nàìjíríà, VPN ni ọ̀pọ̀ ènìyàn sá lọ bá. DNS tí a bò kì í ṣe VPN. Ilé-iṣẹ́ dátà ṣì ń rí nọ́ńbà ibi tí kọ̀ǹpútà lọ, ó sì sábà máa ń rí orúkọ ìkànnì náà nígbà tí kọ̀ǹpútà bá ń kan ìlẹ̀kùn rẹ̀. Ẹ sì béèrè ẹni tó tún ń lo kọ̀ǹpútà náà. Bí òbí bá ti fi DNS dínà ìkànnì àgbàlagbà fún àwọn ọmọ, èyí tí ẹ bò nínú browser lè fo ọgbà yẹn. Olùdáhùn 1.1.1.3 ti Cloudflare, tó ń dínà irú ìkànnì bẹ́ẹ̀, wà fún irú ilé yẹn.

Ní 12 oṣù kẹfà 2023 ni Ààrẹ Tinubu buwọ́ lu Òfin Ààbò Dátà Nàìjíríà, tó fún aráàlú ní ẹ̀tọ́ láti mọ ẹni tó ń lo ọ̀rọ̀ nípa wọn. Kí ẹ tó kúrò nínú ilé ènìyàn, ẹ kọ ọ́ sórí ìwé fún un: orúkọ olùdáhùn, ọjọ́ tí ẹ ṣe é, nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, àti bó ṣe lè dá a padà. Bó bá gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, tó ní olùdáhùn yẹn kò wu òun, ẹ má bínú, ẹ má bá a jiyàn. Ẹ dá a padà sí bó ṣe wà, torí ìbéèrè rẹ̀ ni, òun ló sì ni àṣẹ ẹni tí yóò gbọ́ ọ.