Ebi Kọ́ Ló Ń Dá Ọgbẹ́ Sínú

Àìjẹun lásìkò kọ́ ló ń fa ọgbẹ́ inú, èyí tí gbogbo wa ń pè ní ọ́lsà. Ata kọ́. Ẹ̀wà kọ́. Ààwẹ̀ kọ́.

Kòkòrò àrùn kan tó ń jẹ́ Helicobacter pylori ló wà nídìí ọ̀pọ̀ rẹ̀. Ìgbà èwe ló sábà máa ń ranni, láàárín ará ilé kan náà, láti ẹnu tàbí láti ara ìgbọ̀nsẹ̀. Oje kíkan inú àpòlúkù tó ń pa kòkòrò mìíràn kì í rí i pa, torí ó ní èròjà tó fi ń sọ oje náà di ẹ̀rọ̀ láyìíká ara rẹ̀. Inú omi yíyọ̀ tó bo ara àpòlúkù ló ń gbé, bí a kò bá sì tọ́jú rẹ̀, ó lè wà níbẹ̀ títí ọjọ́ alẹ́. Ara àpòlúkù á wú, á pọ́n. Ti ẹlòmíràn á wá di egbò. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ní in kì í tilẹ̀ mọ̀.

Dókítà méjì ará Ọsirélíà, Robin Warren àti Barry Marshall, ló tú àṣírí yìí. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn kò tètè gbà. Ní 1984, Marshall gbé omi tí kòkòrò náà wà nínú rẹ̀ mu, àpòlúkù rẹ̀ sì wú lóòótọ́. Wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel ní 2005. Síbẹ̀, ebi là ń dá lẹ́bi nílé wa.

A mọ ohun tí ẹ máa sọ: “Bí ebi bá ti ń pa mí ló máa ń ta mí, bí mo bá jẹun, á rọlẹ̀.” Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n egbò ti wà níbẹ̀ kí ebi tó dé. Ẹ jẹun lásìkò, ó dára. Oúnjẹ kò lè pa kòkòrò. Bísíkíìtì inú báàgì kò lè pa á. Mílíìkì kò lè pa á. Oògùn funfun olómi tí ẹ ń rà ní kẹ́míìsì lọ́dọọdún ń mú títa rọlẹ̀ ni, kòkòrò ṣì wà ní ìjókòó. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, wọ́n á gbé aláìsàn dé ọ̀dọ̀ wa ní ọsibítù tòun ti èébì ẹ̀jẹ̀, àwọn ará ilé á sì máa ṣàlàyé fún wa pé kò jẹun àárọ̀ ni. Ó ti sú wa í gbọ́.

Èébì ẹ̀jẹ̀, ìgbẹ́ dúdú tó ń lẹ̀ bí ọ̀dà, òòyì tó ń gbéni ṣubú, inú rírun òjijì tó le koko: ọsibítù lójú ẹsẹ̀, ìbáà jẹ́ òru. Ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́.

Oògùn ara ríro
Aspirin, ibuprofen àti diclofenac náà ń dá egbò sínú. Ẹ má lò wọ́n fún inú rírun.

Àyẹ̀wò
Ìgbọ̀nsẹ̀ tàbí èémí la fi ń mọ̀ ọ́n. Ẹ sọ fún wa bí ẹ bá ń lo omeprazole tó ń dín oje kíkan kù, nítorí ó lè fi kòkòrò pamọ́.

Ìtọ́jú
Ó kéré tán, oògùn apakòkòrò méjì pẹ̀lú èyí tó ń dín oje kíkan kù, fún ọjọ́ 14 lọ́pọ̀ ìgbà. Títa máa ń lọ kí kòkòrò tó kú, nítorí náà ẹ lò ó tán. Ẹ má pín in fún ọkọ tàbí aya. Ẹ padà wá ṣe àyẹ̀wò, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ 4 lẹ́yìn tí oògùn bá parí.