"De Nọ́ọ̀tì" àbí "Dẹ Nọ́ọ̀tì"? Ẹ̀kọ́ Tí Ẹ́ńjìnnì Ìjàpá Kọ́ Mi

Tí ẹnikẹ́ni bá ní kí a máa fi àmì sábẹ́ fáwẹ̀lì nínú àtẹ̀jíṣẹ́, ìdáhùn wa ní kíláàsì kì í yàtọ̀: "Ẹni tó ń kà á á mọ ohun tí a ń sọ." Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí a tó pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ bàbá mi.

Volkswagen tí a ń pè ní Ìjàpá ni ọkọ̀ náà, irú èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò pọ̀ ní Èkó ní 1975. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn, kò sì ń lo omi. Afẹ́fẹ́ ló ń tù ú. Ọ̀gá mẹkáníìkì kan bá wa tún òmíràn ṣe láti fi rọ́pò èyí tó ti ń mu ọ́ìlì. Kí owó má baà pọ̀ jù, èmi àti àbúrò mi ní a óò fúnra wa gbé e sí i nílé.

Yíyọ ti àtijọ́ kò nira. A tú bátìrì, a dí rọ́bà epo, a yọ àwọn wáyà. Nọ́ọ̀tì mẹ́rin péré ló so ẹ́ńjìnnì mọ́ gíábọ́ọ̀sì, méjì lókè, méjì nísàlẹ̀. Sípánà 17 ló ń tú wọn. A gbé e lé jáàkì, a fà á sẹ́yìn, ó jáde.

Gbígbé tuntun wọlé ni wàhálà. Ọ̀pá gíábọ́ọ̀sì ní eyín, ó sì gbọ́dọ̀ wọ ihò eléyín tó wà láàárín àwo kílọ́ọ̀ṣì. Bí eyín méjèèjì kò bá ṣe déédéé, ẹ́ńjìnnì á dúró. Tiwa dúró nígbà tó ku bí ìbú ìka kan, a sì ti fi nọ́ọ̀tì òkè sí i. Mo ya fọ́tò ránṣẹ́ sí ọ̀gá. Ó dáhùn pé:

"De notu oke mejeeji die ki o to ti enjini wole."

Mo kà á sí *de*. A de nọ́ọ̀tì. Ẹ́ńjìnnì ń sún mọ́ gíábọ́ọ̀sì, inú wa ń dùn, títí ohun kan fi dún kàù. Nígbà tí a parí, ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n jíà kọ̀, kò wọlé. A tún sọ ọ́ kalẹ̀: àárín àwo kílọ́ọ̀ṣì tuntun ti wọ́. *Dẹ* ni ọ̀gá ní lọ́kàn.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀. *Dè* ni kí a so nǹkan le. *Dẹ̀* ni kí a jẹ́ kí ó rọ̀ díẹ̀ láìtú u. Ohùn ìsàlẹ̀ ni àwọn méjèèjì ní. Tí ọ̀rọ̀-orúkọ bá jẹ́ àbọ̀ wọn, ohùn náà á di àárín: *de nọ́ọ̀tì*, *dẹ nọ́ọ̀tì*. Nítorí náà, àmì ohùn kò lè yà wọ́n. Àmì abẹ́ fáwẹ̀lì nìkan ló lè ṣe é. Ká ní arọ́pò-orúkọ ni ọ̀gá lò ni, tó sì fi àmì sí i, ẹ̀rí á di méjì, nítorí arọ́pò náà ń gba fáwẹ̀lì ọ̀rọ̀-ìṣe: *dè é*, *dẹ̀ ẹ́*.

Ṣé àyíká ọ̀rọ̀ kò tó ni? Ó tó fún ọmọṣẹ́ ọ̀gá. Ó ti mọ̀ pé nọ́ọ̀tì kì í fa ẹ́ńjìnnì wọlé: ọwọ́ ló ń tì í títí ẹnu méjèèjì yóò fi pàdé, kí a tó de nọ́ọ̀tì. Èmi tí n kò mọ iṣẹ́ ni mo nílò àmì, bẹ́ẹ̀ ẹni tí kò mọ iṣẹ́ ni a ń kọ ìlànà fún.

A ra àwo mìíràn, a dẹ nọ́ọ̀tì, a fi ọkọ̀ sí jíà, a fi sípánà yí púlì ẹ́ńjìnnì díẹ̀díẹ̀. Eyín bá eyín mu, ó wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ẹ tẹ "lo ata yen" ránṣẹ́ sí àbúrò yín lónìí. Kí ẹ tó délé, ṣé ó ti lò ó ni, àbí ó ti lọ̀ ọ́?