Sí Ọmọ Àbúrò Mi Tó Fẹ́ Wá Fi Abẹ́rẹ́ Wo Èèyàn Sàn

Aboabo, Kumasi, Ghana.

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo gbọ́ pé o ti parí ẹ̀kọ́ ní Chengdu ní Ṣáínà, àti pé ọ̀dọ̀ wa níbí ni o fẹ́ wá dá iṣẹ́ sílẹ̀. Inú mi dùn gan-an ni. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo fi ayé mi ṣe, mo sì mọ irú àwọn tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ: àwọn ọmọbìnrin kayayei, aláàrù tí ẹrù ọjà Kejetia ti wọ̀ lọ́rùn, awakọ̀ bọ́ọ̀sì trotro tí kò lè nà tán bó bá sọ̀ kalẹ̀, àwọn ìyá tó ń ta oúnjẹ wáákyé tí orúnkún ń dà láàmú. Iṣẹ́ wà níbí. Àmọ́ mo fẹ́ kí o mọ ibi tí ọwọ́ rẹ dé, lára aláìsàn àti nínú ilé ara rẹ.

Ìwọ lo sọ fún mi nípa ìwádìí Jámánì lórí iṣẹ́ abẹ́rẹ́ yìí, tó jáde ní 2007. Wọ́n kó 1,162 èèyàn tí ẹ̀yìn ń dùn jọ, wọ́n pín wọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, nínú àwọn tí wọ́n gún ní ojú ibi tí ìwé Ṣáínà wí, ó lé díẹ̀ ní 47 nínú 100 tó rí ìtura. Nínú àwọn tí wọ́n kàn gún léréfèé níbi tí kì í ṣe ojú ẹ̀, 44 ni. Àwọn tó gba oògùn àti ìtọ́jú tí gbogbo èèyàn ń gbà, 27 péré. Inú bí ọ bí o ti ń sọ ọ́, àfi bí ẹni pé wọ́n bú iṣẹ́ rẹ. Èmi ò gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀ rárá. Ohun tí mo gbọ́ ni pé ẹni tó jókòó ti aláìsàn, tó bi í léèrè, tó rọra fọwọ́ kan ibi tó ń dùn ún, tó sì jẹ́ kó dùbúlẹ̀ láìsí ariwo, ti ṣe iṣẹ́ ńlá kí abẹ́rẹ́ tó wọ ara. Ní wọ́ọ̀dù, èrò ò jẹ́ ká ráyè ìyẹn. Ìwọ máa ráyè. Bi ọmọbìnrin tó ń ru ẹrù pé báwo ló ṣe ń sùn, orí kí ló ń sùn, ṣé ó ti jẹun láti àárọ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ò tíì rí ẹni bi wọ́n rí láti ìgbà tí wọ́n ti kúrò nílé wọn ní àríwá.

Bí wọ́n bá gbé ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná wá, má yọ abẹ́rẹ́ kankan; ó lè jẹ́ ibà, kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ṣáínà kan náà tó kọ́ ọ níṣẹ́ ló fún wa ní oògùn ibà. Nínú ìwé Ge Hong, oníṣègùn Ṣáínà àtijọ́, ìwé tó ti lé ní 1,600 ọdún, ni onímọ̀ ìjìnlẹ̀ Tu Youyou ti rí i pé omi ni kí wọ́n rẹ ewé kan sí, kì í ṣe kí wọ́n sè é. Ó wá ọ̀nà tí iná ò fi ní ba agbára ewé náà jẹ́, ó dán an wò lára ẹranko, òun fúnra rẹ̀ sì gbé e mì ní 1972 kí wọ́n tó fún aláìsàn. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 2015. Ó bọ̀wọ̀ fún ìwé àwọn baba rẹ̀, síbẹ̀ ó dán an wò. Irú ọkàn tí mo fẹ́ kí o ní nìyẹn. Ẹni tí ẹnu rẹ̀ yí, tí apá kan rọ lójijì, ẹni tí àyà ń dùn, aboyún tó ń ṣẹ̀jẹ̀, ilé ìwòsàn Komfo Anokye ni kí wọ́n gbé e lọ. Ìwọ gan-an ni kí o dá takisí dúró.

Má gún èjìká àti àyà jìn. O mọ̀ pé abẹ́rẹ́ lè lu ẹ̀dọ̀fóró. Abẹ́rẹ́ kan, èèyàn kan, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Hepatitis B pọ̀ ní Ghana, ẹ̀jẹ̀ ló sì ń bá rìn. Àwọn Mùsùlùmí àdúgbò yóò ní kí o máa ṣe híjámà, ìyẹn fífi ife fa ẹ̀jẹ̀, fún àwọn, pàápàá ní ọjọ́ kẹtàdínlógún, ọjọ́ kọkàndínlógún àti ọjọ́ kọkànlélógún oṣù ojú ọ̀run. Bí o kò bá kọ́ ọ, sọ pé o ò kọ́ ọ. Lọ kí wanzam àdúgbò, onígbàjámọ̀ tó máa ń ṣe é, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, nítorí òun ló kọ́kọ́ débí, ṣùgbọ́n má yá abẹ rẹ̀ lò.

Kí o tó gba ẹnikẹ́ni, forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ tí òfin 575 ti ọdún 2000 gbé kalẹ̀ fún àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀, kí wọ́n sì wo ibi iṣẹ́ rẹ. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé kò pọn dandan. Àwa tí a rántí oṣù kọkànlá ọdún 1969, nígbà tí ìjọba Busia níbí fún àlejò tí kò ní ìwé ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti gba ìwé tàbí kí wọ́n kúrò nílùú, tí àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ìlọrin ń ta ọjà wọn lọ́pọ̀, a mọ ohun tí ìwé jẹ́.

Ó wá ku ilé rẹ, ibẹ̀ sì ni ẹ̀rù ti ń bà mí jù. Agboolé Aboabo ò ní kọ̀rọ̀. Má tọ́jú ẹnikẹ́ni nínú yàrá tí ìwọ àti ọkọ rẹ ń sùn. Àwọn aláìsàn yóò kan ilẹ̀kùn lẹ́yìn ìrun Íṣá lálẹ́. Ẹ̀yìn tó ti ń dùn láti oṣù mẹ́ta lè dúró di àárọ̀, o sì lè sọ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́. Ohun tí obìnrin kan bá sọ fún ọ lórí ibùsùn ìtọ́jú, ọkọ rẹ ò gbọdọ̀ gbọ́ ọ nídìí oúnjẹ. Bí o bá délé, má máa wo ahọ́n ọkọ rẹ bí ẹni ń wo ti aláìsàn. Jókòó, kí ẹ jọ jẹun, kí o gbọ́ ti òun náà. Ìwọ náà máa lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ wò, torí ẹni tó ń gba ìrora gbogbo èèyàn sétí kì í tètè mọ̀ nígbà tí tirẹ̀ bá dé. Ní ti ẹbí, yan ọjọ́ kan tí wàá máa wò wá lọ́fẹ̀ẹ́, àwa àti àwọn kayayei, kí o sì gbowó ní àwọn ọjọ́ yòókù láìtijú.

Mo ti rí yàrá kan nítòsí mọ́sálásí. Fèrèsé rẹ̀ méjì ni, omi ẹ̀rọ sì dé ibẹ̀. Bàbá onílé fẹ́ owó ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan, mo sì ń bẹ̀ ẹ́ kó gba ti ọdún kan. Fi èsì ránṣẹ́ kí oṣù yìí tó parí.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ.