Ẹ̀KỌ́ INÚ ỌPỌ́N AYÒ: KÍKÓ ODÙ JỌ



Ilé 12 ni ọpọ́n ayò ní, ọmọ 4 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ 48. Bí ọmọ tí a ta gbẹ̀yìn bá sọ ilé ẹnìkejì di 2 tàbí 3, a ó jẹ ẹ́.

Òpè a máa yára tú ilé rẹ̀ ká. Ọ̀ta a máa kó odù jọ sí ilé ìkẹyìn lọ́wọ́ ọ̀tún. Bí ó bá tú u ní 11, ọ̀dọ̀ ara rẹ̀ ni yóò parí sí, kò ní jẹ nǹkan kan. Bí ó bá dúró di 14, yóò yí ọpọ́n po, yóò fo ilé tó ti jáde, yóò parí sí ilé kẹta ẹnìkejì. Bí ilé mẹ́ta náà bá ṣófo tẹ́lẹ̀, ọmọ 6 ni yóò jẹ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Bẹ́ẹ̀ ni àjẹṣẹ́kù rí. Ẹgbẹ́ tó pín gbogbo owó rẹ̀ nígbà Kérésìmesì, kí ni yóò yá àgbẹ̀ nígbà tí àkókò iṣu bá tó? Ṣùgbọ́n odù tí a kò tú rárá kò jẹ ayò.

Ìbéèrè fún ìpàdé: Èló ni odù ẹgbẹ́ yín? Ìgbà wo ni ẹ ó tú u?