Ọ̀rọ̀ Líle Lẹ́nu Àwọn Tó Ń Ta Owó Àtijọ́: Ẹ̀kọ́ Kékeré Nípa Ìlò Èdè

Bí ẹ bá gbọ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ kan ní ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ wa ń fi owó ra owó, ẹ má rẹ́rìn-ín, èmi ni. Láti ìgbà tí mo ti wà ní ọdún kejì ni mo ti ń kó owó irin àtijọ́ jọ: ọ̀nínì, eépìnnì, kọ́bọ̀ oníhò, tọ́rọ́, sísì, ṣílè. Orúkọ wọn ló kọ́kọ́ fà mí. Kí náírà tó dé ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1973, pẹ́nì kan là ń pè ní kọ́bọ̀, láti ara ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún bàbà. Nígbà tí pẹ́nì kógbá sílé, orúkọ rẹ̀ kò bá a lọ. Ó di orúkọ owó tuntun.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe orúkọ owó ni mo fẹ́ sọ lónìí. Àwọn tó ń tà á ni. Ọmọlúàbí pọ̀ nínú wọn, ṣùgbọ́n àwọn kan wà tó jẹ́ pé kí ẹ tó kí wọn tán, wọ́n ti bú yín. Mo mọ ẹni méjì tí wọ́n pa ìfẹ́ yìí tì lẹ́yìn ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n dé ìsọ̀. Ó dùn mí, nítorí pé ohun tí a ń kọ́ ní kíláàsì ìlò èdè ìbá ti gbà wọ́n. Láti ìgbà tí ìwé J. L. Austin ti jáde ní 1962 ni a ti ń kọ́ ọ pé èèyàn ń fi ọ̀rọ̀ ṣe iṣẹ́ ni. Ìbéèrè tó yẹ kí a bi ara wa níwájú olówò tó ń kanra ni pé: iṣẹ́ wo ni èébú yìí ń ṣe? Mo ti rí oríṣi mẹ́rin.

1. Ìkìlọ̀ tó wọ aṣọ èébú

“Gbé e sílẹ̀! Ta ló ní kó o fọwọ́ pa á?” Bí wọ́n ṣe kí mi káàbọ̀ ní ìsọ̀ kan nìyẹn. Ohùn náà kò dára, ṣùgbọ́n òótọ́ ló wà nínú rẹ̀. Òógùn àti ọ̀rá ọwọ́ máa ń fi àpá sílẹ̀ lára bàbà, etí owó nìkan ló yẹ kí á dì mú. Bákan náà ni ẹni tó bá pariwo pé “Ta ló sọ pé kó o fọ̀ ọ́?” Owó àtijọ́ tí a bá fi ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí yẹ̀pẹ̀ bó, á máa dán lóòótọ́, ṣùgbọ́n iye rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, kò sì sí ohun tó lè dá awọ rẹ̀ padà.

Irú èyí, ẹ mú ẹ̀kọ́ inú rẹ̀, kí ẹ fi ohùn náà sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín. Ohun tí mo sọ ni pé, “Ẹ má bínú, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé e dání kí n rí ẹ̀yìn rẹ̀.” Bàbá náà yí i padà fún mi, ó tún ya mí ní awò tó ń mú nǹkan tóbi.

2. Èébú ọjà

“Ṣé o lówó lọ́wọ́ ni?” “Ọmọ iléèwé, kí lo fẹ́ fi ṣe?” Ìbéèrè ni ní ìrísí, ṣùgbọ́n kò béèrè nǹkan kan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ka Grice, 1975, ẹ mọ̀ pé ohun tí a sọ àti ohun tí a ní lọ́kàn kì í sábà jẹ́ ọ̀kan náà. Ohun tí olówò yìí ń ṣe ni pé ó fẹ́ kí ojú tì yín, kí ẹ lè san iye tó bá pè kí ẹ fi hàn pé ẹ kì í ṣe òtòṣì. Ọ̀nà ìnájà ni. Àwa oníbàárà náà ń ṣe tiwa nígbà tí a bá ń sọ pé ọjà ti gbó.

Èsì rẹ̀ kò le. Ẹ dáhùn ìbéèrè náà bí ìbéèrè gidi: “Bẹ́ẹ̀ ni, sà, mo ní díẹ̀. Èló ni jálẹ̀?” Ọ̀rọ̀ ti padà sórí owó, èébú náà kò sì rí ibi jókòó.

3. Èébú tó ń bo àìmọ̀

Ọ̀gbẹ́ni kan gbé kọ́bọ̀ oníhò ọdún 1936 tó ní orúkọ EDWARDVS VIII lára fún mi, ó ní òun nìkan ló ní irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Oṣù kìíní ọdún yẹn ni Edward Kẹjọ jọba, oṣù kejìlá ló gbé adé sílẹ̀. Nílé wọn lọ́hùn-ún, wọn kò ná owó tó ní àwòrán rẹ̀ ní ọjà. Ṣùgbọ́n kọ́bọ̀ tiwa oníhò kò gba àwòrán orí, orúkọ nìkan ló gbà, nítorí náà wọ́n rọ ọ́, a sì ná an. Ìtàn rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n ó pọ̀ nílẹ̀, kò sì wọ́n.

Mo béèrè lẹ́tà tó wà lára rẹ̀. H dúró fún ilé-iṣẹ́ Heaton ní Birmingham, KN fún King’s Norton. Èyí tí kò bá ní lẹ́tà, London ló ti wá. Ó fèsì pé, “Ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́?”

Brown àti Levinson, tí wọ́n kọ̀wé lórí ọ̀wọ̀ nínú èdè, sọ pé gbogbo èèyàn ní “ojú” tó ń dáàbò bò láwùjọ. Yorùbá kò nílò kí wọ́n túmọ̀ ìyẹn fún wa: àwa la ní kí ojú má ti èèyàn. Ojú ọ̀gbẹ́ni náà ni ọ̀rọ̀ mi fẹ́ gbà, oníbàárà mìíràn sì wà níbẹ̀. Mo ní, “Ó tì o, ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ ni iṣẹ́. Ẹ jẹ́ ká jọ wò ó.” A jọ wò ó. Kò tọrọ àforíjì, ṣùgbọ́n iye tó pè wálẹ̀ dé ìlàjì.

4. Ẹ̀gàn gan-an

Ní ọdún tó kọjá, ìyá ìyá mi nílò owó oògùn ojú. Ó gbé àpò owó tí ìyá tirẹ̀ fi sílẹ̀ fún un jáde, ó ní kí n bá òun wá ẹni tó máa rà á. A jọ lọ sí ìsọ̀ ọkùnrin kan tó lè jẹ́ ẹni ọdún márùndínláàádọ́ta. Ó da àpò náà sílẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ tú u, ó ní pàǹtí ni, kí a gba ẹgbẹ̀rún méjì náírà fún gbogbo rẹ̀. Ó wá kọjú sí màmá, ó ní, “Ìwọ, ṣé o máa tà á àbí o ò ní tà?”

Ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ kan ṣoṣo ni, “o”, ṣùgbọ́n òun ni mo fi mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti kọjá ìnájà. Ẹ jẹ́ ká ṣọ́ra níbí. Ní àwọn ẹ̀ka-èdè kan, bí Oǹdó, ọmọdé lè sọ “o” fún àgbà láìsí àfojúdi. Kí a tó dájọ́, ká gbọ́ bó ṣe ń bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀. Mo ti gbọ́: “ẹ” ló ń sọ fún ọkùnrin tó fi ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ wá, tí kò sì jù ú lọ. Ó mọ “ẹ”. Ó yàn án fún ẹni tó wù ú ni.

Irú èyí kò ní èsì tó dára ju kí á kó ẹrù ẹni lọ. Mo ṣa owó náà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, mo ní, “Ẹ ṣé, sà. A ò tà á mọ́,” a sì jáde. Ní ìsọ̀ kejì, arákùnrin tó wà níbẹ̀ kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ kí màmá. Ó wá to àwọn ṣílè sí ọ̀nà méjì: àwọn tí wọ́n rọ láàárín 1913 sí 1919 jẹ́ fàdákà, 1920 ni wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi idẹ rọ ọ́. Mẹ́rin jẹ́ fàdákà. Owó mẹ́rin yẹn nìkan ra oògùn náà, ó sì ṣẹ́kù. Ìyókù àpò wà lọ́dọ̀ mi.

Àwọn àgbà ní ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n òwe náà kò ní kí á gba àáké náà sórí. Oríṣi mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹ lè fi ohùn pẹ̀lẹ́ yọ obì lápò wọn. Ìkẹrin, ẹ gbé àpò yín. Bí irú àpò bẹ́ẹ̀ bá sì wà nílé yín, ẹ ka ọdún ara owó kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kí ẹ tó gbé e lọ síwájú ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ti mọ ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ṣòro kí wọ́n fi èébú gbà á.