Ilé Ìsinmi ní Ìkéré, Ìsẹ̀ àti Emùré: Ibi Tó Yẹ Kí Onílé Láti Òkè Òkun Ti Forúkọ Sílẹ̀

Bí oṣù Kejìlá bá ti ń sún mọ́lé, ìbéèrè kan náà ni àwọn ọmọ Èkìtì tó wà ní London, Dublin àti Houston máa ń bi ara wọn: ilé tí a kọ́ sílé yìí, tí a máa ń wá sùn níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ́dún, ọ̀dọ̀ ta ló yẹ ká ti forúkọ sílẹ̀? Ìbéèrè náà mọ́gbọ́n dání. Ní Sípéènì, ẹni tó bá ń gbé ilé kan ní ìlú kan gbọ́dọ̀ forúkọ sínú ìwé àwọn ará ìlú ní gbọ̀ngàn ìlú. Ní Jámánì, ọjọ́ 14 péré ni wọ́n fún ẹni tó kó wọlé tuntun láti lọ fi ara rẹ̀ hàn. Ẹni tó ti gbé irú ibẹ̀ rí á rò pé tábìlì kan ń bẹ ní Ìkéré tí òun náà máa lọ bá.

Kò sí irú tábìlì bẹ́ẹ̀ ní gúúsù Èkìtì. Ọ̀rọ̀ náà pín sọ́wọ́ àwọn Ìmígíréṣọ̀n, àjọ tó ń fúnni ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí wọ́n ń pè ní NIN, kánsù, àti àwọn ará àdúgbò tí ilé náà wà. Ẹni tó bá ṣe ti ìjọba, tó gbàgbé ti àdúgbò, kò tíì ṣe tán. Ẹni tó sì gbójú lé pé gbogbo ayé ló mọ bàbá òun, tí kò ní ìwé kankan lọ́wọ́, máa rí ìjọ̀gbọ̀n lọ́jọ́ tí wàhálà bá dé.

Páspọ́ọ̀tù tó wà lápò yín ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999 sọ ọ́ kedere ní abala 25 pé ọmọ tí a bá bí sí òkè òkun, tí bàbá tàbí ìyá rẹ̀ bá jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ọmọ Nàìjíríà ni láti inú oyún wá. Abala 28 tún fi kún un pé ẹni tí a bí lọ́mọ Nàìjíríà kò pàdánù ipò rẹ̀ nítorí pé ó gba ìwé ọmọ ìlú Gẹ̀ẹ́sì tàbí ti Amẹ́ríkà. Nítorí náà, ọmọ Ìsẹ̀ tó ní páspọ́ọ̀tù pupa tàbí búlúù lọ́wọ́ kì í ṣe àlejò nílé bàbá rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá fi páspọ́ọ̀tù ilẹ̀ òkèèrè nìkan wọlé, àlejò ni wọn yóò kọ ọ́ sí, ọjọ́ yóò sì wà lórí àṣẹ tí wọ́n bá fún un.

Mo rọ ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọmọ pé kí ẹ gba páspọ́ọ̀tù Nàìjíríà fún wọn kí ẹ tó kan páànù sórí ilé náà. Ọ̀pọ̀ ilé ẹlẹ́wà ló wà láàárín Ìkéré sí Emùré tí àwọn tó máa jogún wọn kò ní ìwé kankan tó so wọ́n mọ́ orílẹ̀-èdè yìí. Ẹni tó sì ti fọwọ́ síwèé pé òun kọ ipò ọmọ Nàìjíríà sílẹ̀, bí àwọn kan ti ṣe ní Jámánì kí òfin ibẹ̀ tó yí padà ní oṣù Kẹfà 2024, àlejò gan-an ni lójú òfin, bí a bá tilẹ̀ bí i sí ẹsẹ̀ òkè Olósùnta ní Ìkéré.

Fún ẹni tó bá ń fi páspọ́ọ̀tù òkèèrè wọlé, nǹkan ti yàtọ̀ láti ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún 2025. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń tọrọ físà ìbẹ̀wò kúkúrú báyìí, ibẹ̀ náà sì ni àlejò ti ń kún káàdì ìwọlé kó tó wọ bàálù, àti káàdì ìjáde kó tó padà. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ ọjọ́ ṣeré, nítorí ìtanràn dọ́là 15 ti wà báyìí fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí àlejò bá lò kọjá àṣẹ. Ẹni tí yóò bá lò ju 90 ọjọ́ lọ tún ní ojúṣe mìíràn. Láti oṣù Keje 2019 ni ìjọba àpapọ̀ ti kéde pé gbogbo àjèjì tó bá fẹ́ pẹ́ ju 90 ọjọ́ lọ gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn Ìmígíréṣọ̀n, tí wọn yóò ya àwòrán rẹ̀, tí wọn yóò sì gba ìka rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni ìforúkọsílẹ̀ náà. Fún àwọn tó bá ń gbé apá ibí yìí, ọ́fíìsì wọn wà ní Adó-Èkìtì. Ìforúkọsílẹ̀ yìí gan-an ló sún mọ́ ohun tí àwọn ará Yúróòpù ń pè ní ìforúkọsílẹ̀ olùgbé. Ẹni tó bá wá ṣiṣẹ́, tàbí tó fẹ́ fìdí kalẹ̀, ní káàdì àṣẹ ìgbélùú, CERPAC, láti gbà lọ́tọ̀.

Ohun kan wà tí àwọn onílé kì í rántí. Àwọn tó ń ṣọ́ ilé wọn, tó ń ro oko ẹ̀yìnkùlé, tó sì ń bá wọn mọ bíríkì, púpọ̀ nínú wọn wá láti Benin àti Togo. Àdéhùn ECOWAS ti 1979 fún wọn láyè láti wọlé láìsí físà fún 90 ọjọ́, ṣùgbọ́n ìforúkọsílẹ̀ àwọn Ìmígíréṣọ̀n kàn wọ́n bí wọ́n bá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó gbà wọ́n sílé ló yẹ kó mú wọn lọ. Ìwà ọmọlúàbí ni pé kí a má fi ẹni tó ń ṣọ́ ilé wa sílẹ̀ láìníwèé, kí ọlọ́pàá tó dá a dúró lójú ọ̀nà.

Ọ̀rọ̀ aya àti ọkọ dùn mí, n kò sì ní fi bò. Abala 26 fún obìnrin òkèèrè tó fẹ́ ọkùnrin Nàìjíríà ní àyè láti forúkọ sílẹ̀ kó di ọmọ Nàìjíríà. Kò fún ọkùnrin òkèèrè tó fẹ́ ọmọbìnrin wa ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà tirẹ̀ ni abala 27, èyí tó ń béèrè pé kí ó ti gbé níbí fún ọdún 15. Ọmọbìnrin Emùré tí ọkọ rẹ̀ jẹ́ ará Ireland, tí àwọn méjèèjì jọ fi owó kọ́lé sórí ilẹ̀ bàbá obìnrin náà, ọkọ yẹn yóò máa tọrọ físà wá sí ilé ara rẹ̀ lọ́dọọdún. Títí òfin yóò fi yí padà, kí ẹ̀yin obìnrin tọ́rọ̀ kàn tètè jókòó pẹ̀lú lọ́yà.

Ìdí sì ni pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kò dúró de ẹnikẹ́ni. Abala 43 nínú òfin orílẹ̀-èdè sọ pé ọmọ Nàìjíríà ló ní ẹ̀tọ́ láti ní ilẹ̀ àti ilé níbikíbi ní Nàìjíríà. Kò dárúkọ àjèjì. Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti 1978 fi gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sábẹ́ gómìnà, ó sì sọ pé bí ilẹ̀ bá ti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, gómìnà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Ẹ jẹ́ kí orúkọ tó wà nínú ìwé ilẹ̀ jẹ́ orúkọ ẹni tó ní páspọ́ọ̀tù Nàìjíríà, kí ó sì bá ti inú páspọ́ọ̀tù náà mu lẹ́tà kan sí èkejì. Rìsíìtì tí ẹbí fọwọ́ sí dára, ṣùgbọ́n kò tó. Ẹ gba sọ́fẹ́yọ̀ tó níwèé àṣẹ, kí lọ́yà kọ àdéhùn, kí ẹ sì lépa ìwé ẹ̀rí ìlò ilẹ̀ (C of O) ní Adó-Èkìtì. Bó bá jẹ́ ilẹ̀ ẹbí ni wọ́n gé fún yín, ẹ gba ìwé lọ́wọ́ olórí ẹbí àti àwọn àgbà ìdílé nígbà tí gbogbo wọn ṣì wà láyé.

NIN kò le. Nọ́ńbà oní-díjíìtì 11 ni, ọ̀fẹ́ sì ni ìforúkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ bí ẹ bá ṣe é nílé. Ní òkè òkun, ẹ óò sanwó. Láìsí i, kò sí páspọ́ọ̀tù tuntun, síìmù fóònù á sì fún yín ní wàhálà.

Ẹ wá jẹ́ ká dé kánsù. Ìjọba ìbílẹ̀ 16 ló wà ní Èkìtì, àwọn mẹ́ta tí a ń sọ yìí sì dá dúró: ti Ìkéré ní Ìkéré, ti Ìsẹ̀/Ọ̀run ní Ìsẹ̀, ti Emùré ní Emùré. Ẹ mọ èyí tí ilẹ̀ yín bọ́ sí kí ẹ tó san kọ́bọ̀, pàápàá bí ilé bá wà lójú ọ̀nà láàárín ìlú méjì. Òfin orílẹ̀-èdè fi iṣẹ́ mẹ́ta tó kan onílé lé kánsù lọ́wọ́: fífún òpópónà lórúkọ àti ilé ní nọ́ńbà, dídíye lé ilé láti gba owó orí ilé, àti kíkọ orúkọ ọmọ tuntun àti olóògbé sílẹ̀. Ẹ lọ béèrè nọ́ńbà ilé yín. Ilé tí kò ní nọ́ńbà ni ilé tí ìwé ìjọba kì í rí onílé rẹ̀. Bí ẹ bá sanwó, inú àpò ìjọba ní báńkì ni kí ẹ san án sí, kì í ṣe ọwọ́ akọ̀wé, ẹ sì gba rìsíìtì.

Kánsù náà ló ń fúnni ní ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n bí sí òkè òkun ló ń kọsẹ̀ níbẹ̀. Akọ̀wé kò ní béèrè nọ́ńbà ilé yín ní Peckham. Yóò béèrè orúkọ bàbá bàbá yín, yóò béèrè agbo ilé, yóò béèrè àdúgbò, bíi Odò-Ọjà ní Ìkéré, yóò sì béèrè ẹni tó lè jẹ́rìí. Mo ti rí ọ̀dọ́mọkùnrin tó mọ gbogbo orúkọ bọ́ọ̀sì London, tó sì dákẹ́ pátápátá nígbà tí wọ́n béèrè agbo ilé lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá àgbà kan tó wá gba ìwé tirẹ̀ ló fi oríkì tó gbọ́ lẹ́nu ọmọ náà mọ ilé tó ti jáde. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ yín ní orúkọ agbo ilé wọn kí ẹ tó gbé wọn wọ bàálù.

A kò gbọdọ̀ gbàgbé pé kì í ṣe ìbí nìkan ló ń sọni di ará ìlú lápá ibí yìí. Ọlọ́wẹ̀, ọ̀gá àwọn agbẹ́gilére tó kú ní 1938, Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ni wọ́n ti bí i. Ó dé Ìsẹ̀ ní kékeré, ó ṣiṣẹ́ láàfin Àrínjalẹ̀, ọba Ìsẹ̀, gbogbo àgbáyé sì ń pè é ní Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ títí dòní. Òun ló gbẹ́ ilẹ̀kùn ààfin Ògògà, ọba Ìkéré, tí wọ́n gbé lọ sí ìpàtẹ Wembley ní 1924, tó sì wà ní British Museum. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní London, ẹ mú àwọn ọmọ yín lọ wò ó.

Ní ti àdúgbò, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí ẹ bá dé ni kí ẹ lọ kí olóyè àdúgbò àti alága ẹgbẹ́ àwọn onílé. Ẹ sọ iye èèyàn tó bá yín wá, ọjọ́ tí ẹ óò lọ, àti orúkọ ẹni tó ń mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Èyí kì í ṣe àṣà lásán mọ́. Ní ìparí oṣù Kìíní 2024, àwọn ajínigbé kó ọmọ ilé-ìwé àti àwọn olùkọ́ wọn lójú ọ̀nà Emùré, awakọ̀ wọn kò sì padà wálé láàyè. Láti ìgbà náà, ojú tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ nínú ilé tó ti ń wà ní títì pa ń já àwọn èèyàn láyà. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ààbò Amọ̀tẹ́kùn, tí òfin Èkìtì ti fìdí wọn múlẹ̀ láti 2020, á fẹ́ mọ̀ yín. Ẹ gba nọ́ńbà wọn àti ti tésàn ọlọ́pàá tó wà nítòsí. Ẹ wọ bàálù dé Àkúrẹ́ bí owó bá wà, kí ẹ sì wọ Ìkéré kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ má ṣe rìn lálẹ́ sí Ìsẹ̀ tàbí Emùré. Bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ àríyànjiyàn oyè tó wà láàárín Ògògà àti Olúkéré ní Ìkéré létí yín, ẹ kí tọ̀tún tòsì, kí ẹ má dá sí i.

Owó orí kò ní jẹ́ kí n dákẹ́. Òfin owó orí tuntun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 2026 lè ka ẹni tó bá lo 183 ọjọ́ láàárín oṣù 12 sí olùgbé, ó sì tún ń wo bóyá èèyàn ní ilé tó wà fún ìlò rẹ̀ níbí. Ẹni tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń lo oṣù márùn-ún tàbí mẹ́fà nílé, ní láti bá onímọ̀ owó orí sọ̀rọ̀. Nàìjíríà àti Gẹ̀ẹ́sì ní àdéhùn kí wọ́n má baà gba owó orí lẹ́ẹ̀mejì lórí owó kan náà; kò sí irú rẹ̀ láàárín wa àti Amẹ́ríkà.

Bí ẹ bá lè dé lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù Kejìlá, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Láti bíi ogúnjọ́ rẹ̀ ni iṣẹ́ ti máa ń fà ní ọ́fíìsì ìjọba, tí kì í sì í já geere títí ọdún tuntun yóò fi wọlé dáadáa. Ẹ ya ẹ̀dà méjì-méjì nínú gbogbo ìwé: ẹ fi ọ̀kan sọ́dọ̀ lọ́yà, ẹ fi ọ̀kan sọ́dọ̀ ẹbí tó ń mú kọ́kọ́rọ́, kí ojúlówó wà lọ́wọ́ yín. Kí ẹni tó ń mú kọ́kọ́rọ́ náà ní lẹ́tà tí ẹ fọwọ́ sí, tó sọ pé òun ló ń bá yín bójú tó ilé, kí ó lè rí nǹkan fi han ẹnikẹ́ni tó bá kanlẹ̀kùn lẹ́yìn tí ẹ bá ti lọ.