Ìgò Tí Ń Tan Ọmọdé Jẹ

Ẹ jẹ́ kí á bi ara wa ní ìbéèrè kan: nígbà tí ọmọ ọdún méjì bá rí ìgò ẹlẹ́rìndòdò ní ìdí ààrò, kí ni ó rí? Ohun mímu ni ó rí. Àwa ni a mọ̀ pé kẹrosíìnì ni ó wà nínú rẹ̀. Láti inú irú ìgò bẹ́ẹ̀ ni a ti bu ohun dídùn fún un ní ọjọ́ ọdún. Bí òùngbẹ bá sì ń gbẹ ẹ́, yóò gbé e sí ẹnu.

Jean Piaget, ọmọ ilẹ̀ Switzerland tí ó kú ní 1980, fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe àyẹ̀wò bí ọmọdé ti ń ronú. A da omi láti inú ife fífẹ̀ sínú ife tóóró níṣojú àwọn ọmọ. Àwọn tí kò tíì tó bí ọdún méje sábà máa ń sọ pé omi náà ti pọ̀ sí i, nítorí pé ó ga. Ohun tí ojú wọn rí ni wọ́n gbà gbọ́. Nítorí náà, ẹ má ṣe pe ọmọ tí a kìlọ̀ fún lánàá, tí ó tún padà síbẹ̀ lónìí, ní olóríkunkun. (Èmi náà ti pè é bẹ́ẹ̀ rí.) Ohùn líle wa ni ó gbọ́, ìdí rẹ̀ kò tíì yé e.

Ní ti iná, ẹ lè fa ọwọ́ ọmọ ọdún mẹ́ta sún mọ́ àtùpà níwọ̀nba, títí ooru yóò fi kàn án láìjó o, kí òun fúnra rẹ̀ wí pé ó gbóná. Kò ní pẹ́ tí yóò fi máa kìlọ̀ fún àbúrò rẹ̀. Ṣùgbọ́n kẹrosíìnì kò ṣeé tọ́ wò. Nínú kẹ́ẹ̀gì tirẹ̀ ni kí ó máa wà, ní ibi gíga tí a tì ní kọ́kọ́rọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìgò ni àwọn tí ń tà á lẹ́bàá ọ̀nà fi ń wọ̀n ọ́n. Kí ọmọ sì máa rí i lójoojúmọ́ pé láti ọwọ́ àgbà nìkan ni ohun mímu ti ń wá.

Bí ó bá ti mu ún ńkọ́? Ẹ má ṣe fún un ní epo pupa, ẹ má sì ṣe mú un bì: nígbà tí ó bá ń bì ni kẹrosíìnì tún lè ṣàn wọ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, ibẹ̀ ni ó sì ti ń pani. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, bí kò tilẹ̀ tíì wúkọ́, kí ẹ sì mú ìgò náà dání kí dókítà lè rí i.